Ọlidé Dìsẹ́ḿbà pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ nílùú Ọba: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí

Iṣẹ́ ọmọ wíwò ni mò ń ṣe ní London níbí, tí Dìsẹ́ḿbà bá sì ti ń sún mọ́lé báyìí làwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ máa ń da ìbéèrè bò mí, pé nọ́sìrì fẹ́ẹ́ tì, súkùrù fẹ́ẹ́ tì, òtútù ń mú, kí la fẹ́ fi àwọn ọmọ yìí ṣe fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wá kó àwọn tó wọ́pọ̀ jọ síbí. Ọmọ ọdún kan sí bíi mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn o, àwọn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ á fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún yín, owó ẹ̀ lẹ ò ní rí.

Ṣé kò léwu láti máa gbé ọmọ jáde nínú òtútù báyìí? Ìyá mi n'Íbàdàn ní mo fẹ́ fi òtútù pa ọmọ òun.

Ẹ bá mi kí mama dáadáa. Ẹ sọ fún wọn pé ojoojúmọ́ làwọn ọmọ nọ́sìrì níbí ń ṣeré níta, òjò ni o, òtútù ni o. Kòkòrò àrùn ló ń fa ọ̀fìnkìn, inú ilé tá a ti gbogbo wíńdò ẹ̀ pa tí gbogbo èèyàn ń sín lu ara wọn gan-an ló ti máa ń ràn jù. Aṣọ ni kẹ́ ẹ mójú tó. Ẹ má wọ ẹyọ kan tó nípọn fún un kẹ́ ẹ ní ó parí, ẹ wọ̀ ọ́ lérí ara wọn: èyí tó lẹ̀ mọ́ra, súwẹ́tà lé e, kí jákẹ́ẹ̀tì tómi ò lè wọ̀ wá wà lókè. Ọmọ tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ kò rìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tì í lara yín ń gbóná, torí náà ẹ fi ẹyọ kan kún tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, ẹ má wo ti ọwọ́ ẹ̀, ọwọ́ ọmọ máa ń tutù ṣáá ni, ẹ̀yìn ọrùn ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ fi òrí pa ojú àti ètè ẹ̀, òrí tá a mọ̀ látilé yẹn, kò sí kíríìmù olówó gọbọi kankan tí mo tíì rí tó ṣe ohun tó ń ṣe fún awọ ọmọ wa nígbà òtútù.

Ti mọ́tò ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ńlá yẹn kẹ́ ẹ tó de bẹ́líìtì ìjókòó ọmọ, torí tí aṣọ bá ti nípọn jù, bẹ́líìtì ò ní fún mọ́ ọn lára, tí mọ́tò bá wá gbá nǹkan, ọmọ lè yọ jáde. Ẹ dè é tán, kẹ́ ẹ wá da jákẹ́ẹ̀tì yẹn bò ó.

Ohun kan tún kù. Oòrùn ìgbà òtútù ibí ò lágbára tó kí ara fi ṣe fítámì D. NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ní kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, fún àwa aláwọ̀ dúdú, àgbà náà, wọ́n ní ká rò ó láti máa lò ó yípo ọdún. Ẹ bi GP yín (dókítà àdúgbò) tàbí health visitor (nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọmọ wẹ́wẹ́).

Aago mélòó ló dáa jù láti jáde?

Àárọ̀. Nítòsí ọjọ́ 21 Dìsẹ́ḿbà, oòrùn ò ní yọ ní London títí aago mẹ́jọ, á sì ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní Glasgow ó tiẹ̀ máa ń kọjá aago mẹ́jọ ààbọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ó kọ́kọ́ fọ aṣọ, ẹ ó kọ́kọ́ se ọbẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ jáde ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi fíláàsì gbé Mílò dání, kẹ́ ẹ padà wálé jẹun ọ̀sán kó sùn. Ìrọ̀lẹ́ tó gùn yẹn, mo ní ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣe, ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Kò sówó lọ́wọ́ lóṣù yìí rárá. Kí ló wà lọ́fẹ̀ẹ́?

Ó pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó bọ́ọ̀sì ní London. Ẹ jókòó sókè níwájú pátápátá nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì ní bí aago mẹ́rin ààbọ̀, kó gbé yín gba Regent Street, gbogbo iná Kérésì yẹn lẹ máa rí láìjẹ́ kí òtútù mú yín (1954 ni wọ́n kọ́kọ́ tan ti Regent Street, Oxford Street tẹ̀ lé e ní 1959), ọmọ ọdún mẹ́ta ò sì mọ̀ pé owó bọ́ọ̀sì nìkan lẹ san. Ẹ sọ̀ ní Trafalgar Square kẹ́ ẹ wo igi Kérésì ńlá tó máa ń wá láti Norway lọ́dọọdún láti 1947, wọ́n fi ń dúpẹ́ ìrànwọ́ tí ìlú Ọba ṣe fún wọn nígbà ogun àgbáyé kejì ni.

Àwọn mùsíọ́mù ńlá náà ò gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Natural History Museum ní eegun ẹja àbùùbùtán kan tí wọ́n so kọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn, ó gùn ju mítà 25 lọ, ọmọ á kàn dúró, á lanu sílẹ̀ ni. Ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wọn sílẹ̀, torí ìlà ìgbà ọlidé lè gùn dé ìta. Young V&A ní Bethnal Green tí wọ́n tún ṣí ní 2023, àwọn ọmọdé gan-an ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ lè fọwọ́ kan nǹkan, kò sẹ́ni tó máa pariwo mọ́ ọn. Tẹ́ ò bá sí ní London, World Museum wà ní Liverpool, Manchester Museum wà, National Museum of Scotland wà ní Edinburgh, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tì láti ọjọ́ 24 sí 26 Dìsẹ́ḿbà o, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbéra.

Èyí tí mo máa ń fi ipá mú àwọn èèyàn wa lọ ni British Museum, nídìí àwọn nǹkan ilẹ̀ Áfríkà nísàlẹ̀. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Bó ṣe dé London, ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, ọjọ́ mìíràn la máa sọ ọ́. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ bìkítà, ilà ojú ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fún wọn ní àwo bébà àti bírò, kí wọ́n ya ojú ọba sí i, kí wọ́n fa ilà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí i látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ lu ojú méjèèjì kí wọ́n lè dì í mọ́jú. Ọ̀sán kan ti lọ nìyẹn.

Ṣé Winter Wonderland ní Hyde Park tówó?

Fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rin? Kò tó. Ọgbà ìṣeré Kérésì ni, láti 2007 ló ti wà, ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà kọ́ ló ń jẹni run, àwọn nǹkan ìṣeré tí wọ́n ń gùn nínú ẹ̀ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó tiẹ̀, ọmọ á sì fẹ́ gun gbogbo ẹ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ni ọmọ yín máa rí látinú kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ dandan, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kí súkùrù tó tì, kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹun nílé.

Ti orí yìnyín tí wọ́n ń fi bàtà yọ̀ lórí ẹ̀ ṣe é ṣe fún ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ibi ní nǹkan tó dà bí ẹyẹ penguin tí ọmọ máa dì mú. Ìbọ̀wọ́ pọndandan, torí á ṣubú.

Pantomime ńkọ́? Àwọn olùkọ́ ọmọ mi ń sọ ọ́ ṣáá.

Hẹ̀n-ẹ́n, tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa sanwó fún, èyí ni. Eré orí ìtàgé ni, ọkùnrin á wọ aṣọ obìnrin, ìkà kan á máa yọ́ kẹ́lẹ́ bọ̀ lẹ́yìn, gbogbo ọmọ inú ilé á pariwo pé ó wà lẹ́yìn ẹ! Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n dákẹ́. Ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbe àlọ́ á mọ̀ ọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹ lọ sí ti ọ̀sán, kẹ́ ẹ wá gbọ̀ngàn kékeré àdúgbò yín, owó tiwọn kì í tó ti àárín ìlú. Tí ariwo bá máa ń da ọmọ yín láàmú, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe relaxed performance, wọ́n máa ń dín ariwo àti iná kù lọ́jọ́ náà, ọmọ sì lè dìde rìn bó ṣe wù ú.

Sínóò já! Kí la máa ṣe?

Ẹ sáré jáde, ti London kì í pẹ́, ó lè ti yọ́ tán kó tó di ọ̀sán. Ẹ ò nílò nǹkan ìṣeré, ẹ gbé ṣíbí igi, abọ́ ike àti asẹ́ jáde látinú kíṣìnnì. Ẹ po àwọ̀ oúnjẹ mọ́ omi nínú ike tó ń fọ́n omi, kí ọmọ máa fi ya nǹkan sórí ilẹ̀ funfun. Ìbọ̀wọ́ onírun á rin gbingbin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá èyí tómi ò lè wọ̀. Ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá, ẹ bu sínóò wá fún un nínú bàsíà kó fi ṣeré nínú báàtì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o: ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tẹ odò tàbí adágún páàkì tó dì. Ní Dìsẹ́ḿbà 2022, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ló bá irú ẹ̀ lọ ní Solihull, yìnyín fọ́ lábẹ́ wọn. Ó máa ń dà bí ilẹ̀ líle, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn láìfi bò.

Òjò ń rọ̀ látàárọ̀, a ò lè jáde, táblẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ẹ́ gbọ̀nà lọ. Ẹ gbà wá.

Ó dáa. Lálẹ́ àná ẹ̀, ẹ kó ẹranko ike wọn sínú abọ́, ẹ bomi sí i, ẹ gbé e sínú fírísà. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ní Ẹkùn àti Erin há sínú yìnyín, ta ló máa yọ wọ́n? Ẹ fún un ní iyọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣíbí. Á rí i pé ibi tí iyọ̀ bá kàn ló ń yára yọ́, ìdí nìyẹn tí mọ́tò ńlá fi ń wọ́n iyọ̀ sí títì lálẹ́. (Ní Scotland wọ́n máa ń fún àwọn mọ́tò oníyọ̀ yẹn lórúkọ, ọ̀kan ń jẹ́ Gritney Spears, wọ́n fi orúkọ olórin Britney Spears ṣàwàdà, ẹ lè máa wo ibi tí wọ́n dé lórí máàpù íntánẹ́ẹ̀tì Traffic Scotland, mo mọ ọmọ tí kò fẹ́ wo nǹkan mìíràn mọ́.)

Páálí tí nǹkan bá fi dé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jù ú nù, ó lè di mọ́tò, ó lè di ilé, ó lè di dánfó tí àbúrò ń ké "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Bojúbojú náà wà, inú fúláàtì kékeré gan-an ló dùn jù, torí ibi tí wọ́n lè sá sí ò pọ̀, ẹ ó máa ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí wọn.

Tẹ́ ò bá ní ọpọ́n ayò, páálí ẹyin méjìlá ti tó, ojú méjìlá gééré ni, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta ni gbogbo ẹ̀, kò sí ìṣirò tó dùn tó o, ẹ kà á lédè Yorùbá. Ọmọ tó bá ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ tún lè jọ ṣe chin-chin. Àwọn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n po fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin àti mílíìkì, kí wọ́n fi ọ̀bẹ bọ́tà gé e, tó bá wọ́ ó wọ́, ẹnu kan náà ló ń lọ. Epo gbígbóná jẹ́ tiyín nìkan, tàbí kẹ́ ẹ kúkú yan án nínú ófùnù. Ẹ̀pà odindi àti kaṣú odindi tá a máa ń gbé fún àlejò lásìkò ọdún, ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ o, ó máa ń há wọn lọ́fun.

Mo fẹ́ máa pàlọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé, àwọn ọmọ ò sì gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ní sùúrù fún nìyí. Nílé, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, àfi tílẹ̀ bá ṣú, tíṣẹ́ bá ti parí. Níbí, ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin! Kò sí oṣù mìíràn nínú ọdún tẹ́ ẹ máa ní wákàtí mẹ́ta alẹ́ kí ọmọ tó lọ sùn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn oòrùn ṣì ń ràn nígbà tó yẹ kí wọ́n ti sùn. Gbogbo èèyàn ń kùn nípa òkùnkùn yìí, èmi gbà pé tiwa ni.

Ẹ pa iná pálọ̀, ẹ tan iná kékeré kan, ẹ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ààlọ́ o! Kí wọ́n dáhùn: Ààlọ̀! Àlọ́ àpamọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ fi gbóná. Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bígba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé àpò ẹ̀wà jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ọmọ mú ẹyọ kan, kó wo dúdú ojú ẹ̀. Kí ló kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Àgbàrá òjò. Ẹ jẹ́ kó lọ wo títì látojú wíńdò, àgbàrá ń lọ gbuurugbu, kò kí ẹnikẹ́ni.

Tó bá wá kan àlọ́ onítàn, ẹ ò nílò ju ìtàn mẹ́ta lọ, ọmọdé fẹ́ràn kẹ́ ẹ tún un pa. Bí Ìjàpá ṣe gbé àsáró gbígbóná sínú fìlà nílé àna ẹ̀ tó fi pá lórí, èyí ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí jù. Bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe fọ́ nígbà tó bá àwọn ẹyẹ lọ sóde lókè ọ̀run. Bó ṣe tan Erin wọ̀lú pé wọ́n fẹ́ fi jọba. Tọ́mọ ò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn, kò sóhun tó burú, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ẹranko àti orin inú ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní Yorùbá, orin ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lórí. Èyí tẹ́ ẹ ti gbàgbé, ẹ pe mama n'Íbàdàn lórí WhatsApp. Nígbà òtútù, wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣíwájú, tẹ́ ẹ bá pè láago márùn-ún, mẹ́fà ti lù lọ́dọ̀ wọn, tí iná bá wà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gbà, ẹ gbé fóònù jókòó sí àárín àwọn ọmọ kẹ́ ẹ lọ fọ abọ́.

Ṣé ká mú ọmọ lọ bá Bàbá Kérésì?

Tí kò bá bẹ̀rù. Ọmọ ọdún méjì máa ń figbe ta tó bá rí irùngbọ̀n yẹn, ẹ má fipá gbé e lé e lẹ́sẹ̀ torí fọ́tò. Èyí tó rọrùn ni lẹ́tà: ẹ jẹ́ kó ya àwòrán ohun tó fẹ́, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sínú ẹ̀, ẹ lẹ sítáàmpù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Santa/Father Christmas, Santa's Grotto, Reindeerland, XM4 5HQ. Royal Mail máa ń fèsì tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìparí Nòfẹ́ḿbà.

Mùsùlùmí ni wá ní tiwa, ṣé nǹkan wà fún wa?

Àyàfi Bàbá Kérésì, ewo nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ ni kò bá yín mu? Mùsíọ́mù, sínóò, àlọ́, ayò, kò sí èyí tó ní ẹ̀sìn nínú. Ààwẹ̀ náà ti ń sún wọ inú ìgbà òtútù bọ̀, ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún, ní 2030 ẹ̀ẹ̀mejì la máa gbà á nínú ọdún kan, ní Jánúárì àti ní Dìsẹ́ḿbà. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá fẹ́ bá yín gba ìdajì ọjọ́ á rí i pé kò gùn rárá. Láti 2023 ni wọ́n sì ti ń tan iná Ramadan ní àárín ìlú London, ẹ mú wọn lọ wò ó lẹ́yìn ìṣínu.

Ọjọ́ Kérésì gan-an ńkọ́?

Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí Tube (rélùwéè abẹ́ ilẹ̀), kò sí rélùwéè ní London lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò ní mọ́tò kó yáa bẹ ará ṣọ́ọ̀ṣì tó máa gbé e sílẹ̀ ṣáájú. Tó bá kan àìsùn ọdún tuntun, Nàìjíríà á ti wọ ọdún tuntun láago mọ́kànlá alẹ́ tiwa, ẹ lè bá wọn kà á lórí fóònù kẹ́ ẹ gbé àwọn ọmọ sùn, kò sí òfin tó ní ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́dọ̀ rí aago méjìlá.

Ilé là ń lọ ní tiwa. Ìmọ̀ràn?

Ẹ kú orí ire! Oògùn ibà àti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ bá GP sọ̀rọ̀ lórí wọn ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ọmọ tí wọ́n bí síbí ò ní ààbò kankan sí ibà. Ẹ má torí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kó ọmọ súkùrù lọ kí wọ́n tó tì, owó ìtanràn ní England jẹ́ pọ́n-ùn 80 fún òbí kan lórí ọmọ kan, tẹ́ ẹ bá yára san án. Tẹ́ ẹ bá dé Èkó, Lekki Conservation Centre dáa fún àwọn tó lè rìn, n'Íbàdàn ẹ mú wọn lọ wo ẹranko ní Yunifásítì. Òrí yẹn, ẹ máa gbé e dání, ọyẹ́ ń dúró dè yín.

Kérésì ti parí, Jánúárì gùn jàn-àn-ràn, kí ló kù?

Ẹyẹ kíkà. Lọ́dọọdún ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn Jánúárì, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ níbí, máa ń ní kí gbogbo ìlú fi wákàtí kan ka ẹyẹ tó bà sí gádíìnì tàbí páàkì wọn, láti 1979 ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ síta: ọkà, ápù gígé, ẹ̀pà tí kò níyọ̀ tẹ́ ẹ ti gún. Tọ́jọ́ bá pé, ẹ jókòó sójú wíńdò pẹ̀lú Mílò yín, kí ọmọ máa fa igi kọ̀ọ̀kan sórí bébà, robin aláyà pupa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ má ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì o, iye tó pọ̀ jù tẹ́ ẹ rí papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fẹ́. Tí kò bá wá sí ẹyọ kan, tó jẹ́ ológbò àdúgbò ló jókòó síbẹ̀ ní gbogbo wákàtí yẹn, ẹ fi òdo ránṣẹ́, wọ́n ní ìyẹn náà wúlò fún àwọn.